Àyè Kan Ṣófo Nínú Ọkọ̀

Ohun tó ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnu rẹ̀ máa ń yá ju ojú rẹ̀ lọ. Kò tíì wò, á ti dáhùn. Awakọ̀ ojú omi ni. Bí wọ́n bá ní, "Ṣé epo pé?" á ní, "Ó ti pé." Bí wọ́n bá ní, "Ṣé èrò pé?" á ní, "Ó ti pé." Báyìí ni àwọn ará èbúté ṣe sọ ọ́ ní Ó-Ti-Pé, òun náà sì ń fi ẹ̀rín jẹ́ ẹ.

Bàbá wọn fi ọkọ̀ méjì sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n á gbé èrò lọ sí erékùṣù kékeré kan láàárọ̀, wọ́n á sì kó wọn padà kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí kànga, fóònù kì í sì í wọlé. Igi àgbọn, yanrìn funfun, àpáta dúdú àti ẹyẹ òkun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í gbéra láìfọwọ́ kan èjìká èrò kọ̀ọ̀kan, kó sì kà wọ́n sókè ketekete.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ó-Ti-Pé máa ń sọ, "ṣebí wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Ọlọ́mọ ló gbé ọmọ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́," ni ẹ̀gbọ́n á fi dá a lóhùn. "Kà á."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan wá ṣe fàájì, tọkọtaya. Bàbá tó ń gé ìwé níbẹ̀ wà lára wọn. Ariwo ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di í létí tán, ikọ́ fée sì ń bá a jà. Ẹsẹ̀ ń dun ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ló fi wọ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n, tí ìjókòó rẹ̀ ní ìfẹ̀yìntì. Ọ̀dọ̀ Ó-Ti-Pé ni bàbá jókòó sí, lẹ́yìn pátápátá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, òjò ṣú. Wọ́n fọn fèrè. Ẹ̀gbọ́n ka èrò tirẹ̀, wọ́n pé, ó sì ṣíná. "Àbúrò, ṣé tìrẹ náà pé?"

"Ó ti pé!"

Kò pé. Báàgì kan dá jókòó lẹ́yìn ọkọ̀. Obìnrin kan nàka sí i. "Ẹnì kan wà níbí láàárọ̀ o."

"Bàbá yẹn? Wọ́n ti bá ìyàwó wọn lọ nínú ọkọ̀ kejì," ni Ó-Ti-Pé wí. Kò rí i, kò sì béèrè. Ní àkókò yẹn, bàbá wà lẹ́yìn àpáta, ó ń wo àwọn ẹyẹ. Kò gbọ́ fèrè.

Nígbà tí èrò ọkọ̀ Ó-Ti-Pé ti sọ̀ kalẹ̀ tán ní èbúté, tí wọ́n sì ti túká, ìyá náà tiro wá bá a. "Ọmọ mi, baálé mi dà?"

Ó bojú wẹ̀yìn ọkọ̀, báàgì yẹn ṣì dá jókòó. Ilẹ̀ ò tíì ṣú, òkun ò tíì ru, ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n sì lágbára. Ká ní ó lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbàgbé wọn," wọn ì bá lọ gbé bàbá kí òjò tó dé. Àmọ́ ojú tì í. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, màmá. Ará ibi iṣẹ́ yín kan ti fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé." Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé òun á dá padà lọ gbé bàbá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó wo epo, epo ò tó. Kó tó wá òmíràn, ìjì ti dé, òkun ti ń hó bí omi inú ìkòkò. Síbẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. "Erékùṣù kì í kúkú pa èèyàn," ló ń tẹnu mọ́.

Nígbà tí ìyá ò bá ọkọ rẹ̀ nílé, ó padà wá bá ẹ̀gbọ́n lóru, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́ kí ọkọ̀ kankan tó lè jáde. Wọ́n bá bàbá lábẹ́ igi àgbọn, ó ti kú. Ó ti bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ so mọ́ igi kan létí omi, kí wọ́n lè rí i. Òtútù ló gbé ikọ́ náà dìde, oògùn tó máa ń fà símú sì wà nínú báàgì tó dá jókòó nínú ọkọ̀.

Ìyá náà ò pariwo. Ó kàn ń wo Ó-Ti-Pé lójú. "Mo bi ọ́," ló wí. "Ẹnu ara mi ni mo fi bi ọ́."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nílé ẹjọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́rìí, ó ń sunkún, ó sì ń sọ òótọ́. Ọdún márùn-ún ni Ó-Ti-Pé fi ṣẹ̀wọ̀n. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Nígbà tó jáde, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà. Ìyá gbé omi fún un. Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n má tún wá mọ́, ọmọ mi. Bí mo bá rí ọ, á máa ṣe mí bíi pé kí n tún bi ọ́ pé baálé mi dà." Ó-Ti-Pé mu omi náà, ó dìde, ó sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká fi kọ́gbọ́n. Kò sí ẹni tí kì í gbàgbé, ohun tí Ó-Ti-Pé gbàgbé sì ṣì ní àtúnṣe. Irọ́ tó fi bò ó mọ́lẹ̀ ni kò ní. Bí wọ́n bá bi wá ní ohun tí a kò mọ̀, ká sọ pé a kò mọ̀. Bí a bá ṣe àṣìṣe, ká tètè jẹ́wọ́, nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀ láti gbà là. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju ẹ̀kún ọjọ́ ayé ẹni lọ.