Eyín Kẹfà

Ìwé mẹ́ta ni Kelera gbé lọ sí Suva, olú ìlú wọn, nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin: Bíbélì, ìwé orin, àti ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan tó gbà lẹ́bùn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ó fi rọ́bà dè é.

Ohun kan ṣoṣo ló tìtorí rẹ̀ lọ kọ́ òfin. Ìyá ìyá rẹ̀, Bùbú Lusiana, ló ni ọnà eyín ẹja tí ìdílé wọn ń tẹ̀ sára masi, aṣọ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe. Eyín mẹ́fà-mẹ́fà ni. Ara ike fọ́tò egungun tí ọsibítù dà nù ni wọ́n ti ń gé bátànì tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, obìnrin ìdílé nìkan ló sì gbọ́dọ̀ gé e. Ṣàdédé ni ilé-iṣẹ́ kan tẹ ọnà yẹn sórí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fáwọn àlejò. Bùbú ka eyín tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì náà. Márùn-ún ni.

"Vasiti ni," ló wí. Vasiti ni àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ò ríran dáadáa. "Ó ta ọnà ilé wa, kò tiẹ̀ lè kà á kó pé!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí n má délé bí mo bá mọ nǹkan kan níbẹ̀!"

Vasiti búra títí ẹnu rẹ̀ fi bó. Ọdún mẹ́fà, wọn ò kí ara wọn, nínú abúlé tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá sín, ẹnìkejì á gbọ́. Nígbà tí Vasiti kú, gbogbo ilé ló gbé masi lọ sílé òkú. Bùbú jókòó sílé rẹ̀, ó ń lu èèpo igi. Àwọn tó ń sunkún gbọ́ ìró igi náà.

Ọ̀rọ̀ náà dun Kelera wọra. Bùbú Vasiti ló máa ń yọ egungun ẹja fún un kó tó jẹun. Kò gbà pé obìnrin yẹn lè ta nǹkan kan láé.

Ó fi omijé ròyìn rẹ̀ ní kíláàsì. Dókítà Lata tó ń kọ́ wọn ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà wò ó. "Ẹ̀tọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni láìsí ìwé àti ìfọwọ́sí. Kí lo wá ń sunkún sí? Kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n mú ìwé tiwọn jáde."

"Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́, màdáámù?"

"Ẹni tó níwèé kì í sá."

"Lọ́yà oníṣẹ́ẹ̀tì!" Josua, ọmọ kíláàsì wọn, pariwo látẹ̀yìn. "Tó o bá borí, mú ọ̀kan bọ̀ fún mi o!"

Kelera kọ̀wé. Ó pe Bùbú lórí fóònù.

"Bí kì í bá ṣe Bùbú Vasiti ńkọ́?"

"Màá gbé masi lọ sí sàréè rẹ̀, màá kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni. Ta ló tún kù?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, màá rí onítọ̀hún."

Èsì dé lọ́jọ́ Ẹtì. Kelera jókòó sí yàrá ìkàwé, ó ti ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó já àpòòwé náà.

Ojú ewé kan péré ni, fọ́ọ̀mù ìdíje àwòrán tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fáwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀bùn ipò kìíní ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan, gbogbo ẹ̀tọ́ di ti ilé-iṣẹ́. Wọ́n lẹ àwòrán eyín márùn-ún mọ́ ọn, Kelera sì rí orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀, tó fi pẹ́ńsù kọ gbàgàdà-gbàgàdà.