Ìyá Ìyàwó Ń Wádìí Ní Kóòtù

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, Motúnráyọ̀ Àmúsà kò ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tejúoṣó. Kóòtù ìbílẹ̀ ló gbà lọ, láti wádìí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Aṣọ fèrèsé ló ń tà, ó sì máa ń fọ́nnu pé òun mọ aṣọ tí yóò ṣá kí wọ́n tó tú u síta. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe mọ ènìyàn, àmọ́ ní ti ọkọ ọmọ, ó fẹ́ rí i lákọsílẹ̀.

Láyé àtijọ́, alárinà ni wọ́n máa ń rán lọ sí àdúgbò ọkọ, kó lọ béèrè bóyá olè tàbí wèrè wà nídìílé wọn. Motúnráyọ̀ kò fi ọkàn tán ìyẹn mọ́. Ó ní àwọn ará Sùúrùlérè kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìwà. Títí tí yóò fi parí ìwádìí rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ fojú kan òun. Aneesah, ọmọ rẹ̀, ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí Rilwan sinmi. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dénú, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí èyí bá tún bàjẹ́, òun kò ní mú ẹnikẹ́ni wálé mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kó má baà bàjẹ́ lòun ṣe ń lọ.

Ọládiméjì ni orúkọ akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé yàrá fáìlì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí. Ó ní ẹjọ́ tí wọ́n dá ní gbangba kò ní ìkọ̀kọ̀ nínú, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè rẹ̀, kò sì di dandan kó mú lọ́yà dání. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí Motúnráyọ̀ mú nọ́ńbà ẹjọ́ náà wá. Motúnráyọ̀ ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹjọ́ kankan wà, ohun tí òun wá wò nìyẹn. Ọládiméjì ní ó yé òun dáadáa, àmọ́ nọ́ńbà ńkọ́? Wọ́n fà á títí ojú Motúnráyọ̀ fi pọ́n.

Obìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló yọ ọ́ nínú ẹ̀. Shakirat ló ń jẹ́, ó sì ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà yóò kọ lẹ́tà sí rẹ́jísírà, yóò dárúkọ ẹni tó ń wá àti ọdún tó fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò, yóò sanwó ní báńkì, yóò sì mú rìsíìtì padà wá. Wọn yóò wá tú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ́jọ́ sí. Motúnráyọ̀ kò mú awò ojú rẹ̀ wá, ni Shakirat bá ní òun á bá a kọ ọ́.

Ó béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá. Motúnráyọ̀ ní Rilwan Adéríbigbé. Báírò dúró. Shakirat gbọ̀n ọ́n, ó ní báírò ayé ìsinsìnyí kò níláárí. Ó kọ ọ́ tán, ó béèrè orúkọ ẹni tó ń tọrọ ìwé, ó kọ ìyẹn náà, ó sì sún mọ́ Motúnráyọ̀ dáadáa lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí Ọládiméjì gba lẹ́tà náà, ó wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wo Shakirat, ó wúkọ́ títí. Ó ní eruku fáìlì ni.

Motúnráyọ̀ lọ sanwó ní báńkì, ó sì mú rìsíìtì dé. Bí wọ́n ti ń dúró, Shakirat ra omi tútù fún un, ó sì ń béèrè nípa ọmọ rẹ̀. Inú Motúnráyọ̀ dùn pé òun rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀. Nígbà tó yá, Ọládiméjì mú ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ jáde: kò sí ẹjọ́ kankan lórúkọ Rilwan Adéríbigbé. Motúnráyọ̀ yọ̀, ó sì tún dùn ún díẹ̀, nítorí ó ti múra sílẹ̀ láti rí nǹkan.

Ó bi Shakirat pé tirẹ̀ ńkọ́. Shakirat ní wọ́n ní orúkọ ẹni tí òun ń wá kò sí nínú ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń sọ pé obìnrin náà jẹ́jọ́ níbẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe Motúnráyọ̀. Ẹni tó ran òun lọ́wọ́ tó báyìí kò yẹ kó lọ lọ́wọ́ òfo.

“Àbúrò mi, gbọ́,” ló wí. “Tó bá jẹ́ obìnrin lò ń wá, má fi orúkọ ọkọ wá a. Orúkọ bàbá ẹ̀ ni kó o fún wọn.”

“Ẹ má bínú, Àlájà. Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Èmi gan-an ńkọ́? Wọ́n pè mí síbí rí lórí ìdána Aneesah. Ẹbí méjì ló gbé ẹrù wá, mo sì gba ti àwọn méjèèjì. Ṣé kí n dá ọ̀kan padà kí n tó mọ èyí tó síríọ́ọ̀sì ni? Adájọ́ ní ojú ò tì mí. Àmọ́ èmi àti bàbá Aneesah ń jà nígbà yẹn, orúkọ bàbá mi ni mò ń jẹ́. Kí wọ́n wá Àmúsà níbí títí di ọ̀la, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ọ̀ṣẹ́nì ni wọ́n kọ.”

“Ọdún wo nìyẹn, mà?”

“Ọdún tó ṣáájú Kòrónà.”

Shakirat kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Motúnráyọ̀ gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run yóò jẹ́ kó rí ohun tó ń wá, ó sì jáde. Níta, ó pe Aneesah lórí fóònù, ó ní kó sọ fún Rilwan pé kí ẹbí rẹ̀ mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wá. Aneesah bú sẹ́kún ayọ̀. Ìyá rẹ̀ ní ṣé ó ti wá rí i pé ìwádìí dára.

Nínú kóòtù, Shakirat ti fa igi lé Àmúsà lórí lẹ́tà tirẹ̀, ó ti fi Ọ̀ṣẹ́nì dípò, ó sì ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá Rilwan, lórí fóònù pé kí wọ́n má wulẹ̀ mú ọjọ́ kankan.