Ààwẹ̀ Ọjọ́ Méje

Aláta díndín kan kò tíì jókòó dáadáa ní ọ́fíìsì lọ́yà ní Dagenham East, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí lọ́yà fi mirí.

"Mà, ẹlòmíràn ti fi orúkọ ọjà yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba."

"Irọ́ ni! Ìyá Àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Òun ló ní kí n kọ́kọ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje."

"Wẹ́sìdeè tó kọjá ni Moṣọpẹ́ Adédìran kan fi í sílẹ̀."

Aláta náà fìka kà á: ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Màmá, Moṣọpẹ́ Ìyá Àdúrà yín ni o. Ẹ̀mí ní kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún ààwẹ̀ yẹn kí ẹ tó lọ rí lọ́yà."