Ibi Tí Aránṣọ Sá Pamọ́ Sí

Aránṣọ náà tilẹ̀kùn mọ́rí, ó tan VPN orí fóònù rẹ̀, ó sì dúró títí fóònù fi sọ pé ìlú òkèèrè ló wà. Ìgbà yẹn ló tó pe ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti sá fún ọkọ tó fẹ́ lù ú pa, kì í lo íńtánẹ́ẹ̀tì láìṣe bẹ́ẹ̀.

Ojú ìyá rẹ̀ yọ lórí fóònù. “Ọmọ mi, o tún ti tan ohun tó ń fi èèyàn pamọ́ yẹn? Ẹni tí kò jalè, kí ló ń sá fún?”

“Màmá, ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ń ṣe. Bí mi ò bá tan án, á wá mi kàn.”

“Ó ti yí padà. Ó sunkún lẹ́sẹ̀ mi títí ojú rẹ̀ fi wú.”

“Màmá, kí lẹ sọ fún un?”

“Kí ni mo mọ̀ tí màá sọ? Àkọlé ilé búrẹ́dì tó máa ń hàn lójú fèrèsé ẹ̀yìn rẹ nìkan ni mo kà fún un.”

Ìyá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá fọ́mọ. Ìgbà náà ni aránṣọ tó rí i pé inú mọ́tò ni ìyá rẹ̀ jókòó sí.

“Àna mi, rọra dúró,” ìyá wí fún ẹni tó ń wakọ̀. “Ilé búrẹ́dì náà nìyí.”