Akọ Igi Náà Kò Jìnnà

Ní ọ̀sẹ̀ tí igi ẹ̀yìnkùlé wọn kọ́kọ́ so ni Bàbá Ìléríolúwa ní òun máa gé e.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Àjíbíkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbin igi náà ní ọdún tí ó gbé e níyàwó wọ ilé yìí ní Ìsọlọ̀. Ó ní inú igbó kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú, níbi tí bàbá òun ti ń ṣọ́ igbó fún ìjọba, ni òun ti hú u, pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Èkó, bí kò ṣe sí irú Àjíbíkẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mọ́ obìnrin náà nínú títí di òní. Ewú ti ń yọ lórí ọkọ rẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ ẹ. Ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè gbéyàwó. Obìnrin tí ọkùnrin dúró dè tó bẹ́ẹ̀, tó tún gbin igi fún, ó yẹ kó yan díẹ̀. Àjíbíkẹ́ sì ń yan.

Igi náà kò jọ igi mìíràn. Pupa fòò ni ewé rẹ̀ máa ń yọ, ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan ni yóò tó di ewé gidi. Nígbà tí ó sì tanná fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, òdòdó náà kò yọ lórí ẹ̀ka. Ara ìtì igi gan-an ló ti sú jáde, láti ìdí lọ sókè, bí ìgbà tí ooru bá sú sí ọmọ lára. Kò pẹ́, ó so. Jennifer, ọmọ ayálégbé wọn, ya àwòrán èso náà, ó gbé e sórí wásáàpù.

Bàbá Ìléríolúwa wo èso náà títí.

"Ejò máa wá síbẹ̀," ni ó wí. "Mo ti pe ẹni tó máa fi ẹ̀rọ gé e. Sátidé ló ń bọ̀."

"Ejò, ní Ìsọlọ̀?"

"Ejò kì í béèrè àdúgbò."

Ó gbé kúlà oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Iléeṣẹ́ kan ní Industrial Estate ni ó ń bá ṣiṣẹ́: ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan òru, láti ọjọ́ tí Àjíbíkẹ́ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ òru ni wọ́n wà yìí. Lọ́sẹ̀ òru, oúnjẹ inú kúlà sábà máa ń padà wálé bí ó ṣe lọ; ó ní ebi kì í pa òun lóru. Àánú rẹ̀ a sì máa ṣe Àjíbíkẹ́ gidigidi.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sun oorun iṣẹ́ òru nínú yàrá, obìnrin kan tó rí àwòrán Jennifer wá láti yunifásítì. Ọ̀mọ̀wé Ọmọ́bọ́lájí ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa igi ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ó yí igi náà po, ó fọwọ́ pa á lára, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ olówó ńlá tó wọ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi yìí o. Inú ìwé nìkan ni mo ti ń rí irú ẹ̀."

"Sátidé ni wọ́n fẹ́ gé e." Àjíbíkẹ́ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tó ń sùn. Omi ti lé sí i lójú. "Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni, mi ò lè bá a jà. Igi tó gbìn fún mi!"

Ọmọ́bọ́lájí nawọ́ sí èso náà. "Abo lèyí, mà. Irú igi yìí, akọ ń dá wà, abo ń dá wà. Abo ò sì lè dá so."

"Àmọ́ òun nìkan ló wà."

"Igi kan ò lè dágbó ṣe, mà. Akọ ẹ̀ wà nítòsí. Kòkòrò tíntìntín kan ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti ara akọ wá sára abo, kò sì lè fò jìnnà. Tẹ́ ẹ bá bá mi rí akọ yẹn, tí wọ́n bá pé méjì, mo lè mú àwọn ìjọba dé ibí kó tó di Sátidé, kò sẹ́ni tó máa gé e mọ́. Tó bá jẹ́ òun nìkan, wọn ò ní dá mi lóhùn."

"Báwo ni màá ṣe dá a mọ̀?"

"Òdòdó akọ máa ń rùn bí ògì tó kan. Ẹ máa gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i."

Àjíbíkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Òórùn tí ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Ìléríolúwa máa ń ní nìyẹn tó bá tibi iṣẹ́ òru dé. Kẹ́míkà iléeṣẹ́ wọn ni."

Kíá ni Ọmọ́bọ́lájí dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara aṣọ rẹ̀ nù. Ó ní òun ní kíláàsì, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ.

Àjíbíkẹ́ ká èso kan, ó wé gèlè, ó jáde. Ó ń rìn, ó ń fa imú. Onímàrúwá kan dúró tì í.

"Mọ́mì, kí lẹ̀ ń wá?"

"Òórùn ògì ni."

"Ògì wà níwájú níbẹ̀ yẹn o."

"Mi ò fẹ́ ògì, òórùn ẹ̀ ni mo fẹ́."

Ọkùnrin náà wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní àdúgbò kan lẹ́yìn àwọn iléeṣẹ́ ni òórùn náà ti pàdé rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ewé pupa lórí fẹ́ǹsì ilé kan. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fò sókè lójú títì. Wọn ò lè gé igi òun mọ́. Akọ náà tóbi ju abo tirẹ̀ lọ fíìfíì, gbòǹgbò rẹ̀ ti ti fẹ́ǹsì náà là. Ó dájú pé ó ti di igi ńlá kí wọ́n tó gbin tirẹ̀ rárá. Ó kanlẹ̀kùn, ó sì ń to ẹ̀bẹ̀ tí yóò bẹ onílé sẹ́nu.

Obìnrin kan tí orí rẹ̀ funfun ló ṣí i. Ó wo Àjíbíkẹ́ láti òkè délẹ̀, ó wo èso ọwọ́ rẹ̀.

Àjíbíkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ igi yín yìí ló gbé mi wá."

"Dìde, ìyàwó mi," ni obìnrin náà wí, "èmi ni ìyáálé rẹ, ọ̀sẹ̀ tí ọkọ wa gbé ọ wọlé ló ti ní o ń bọ̀ wá kí mi, mo sì ti ń bá ọ bínú láti ìgbà náà."