Ìbòmú fún Afínjú

Ọjọ́ tí wọ́n sin Gìrìpá, ìyàwó Afínjú kò sunkún. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ilé iṣẹ́ kan náà ni Gìrìpá àti Afínjú ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́, níbi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun òkúta funfun kan mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi ṣe páànù ìbolé. Gìrìpá ló ń tú àpò ìyẹ̀fun. Afínjú ló ń to páànù lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ikọ́ ló pa Gìrìpá. Ọkùnrin tó ń fi èjìká kan gbé àpò sìmẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó kú. Dókítà ní ìyẹ̀fun náà ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọkọ rẹ̀ ní Afínjú. Tí wọ́n bá pé sẹ́nu géètì láàárọ̀, òun nìkan ni aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́. Àwọn yòókù á wọ ti àná wá, wọ́n á funfun bí adìẹ tó yí nínú eérú. Wọ́n á bi í bóyá ìyàwó ló fẹ́ tàbí alágbàfọ̀. Á kàn rẹ́rìn-ín ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú yẹn, ìbẹ̀rù kó wọlé wọn, kò sì jáde mọ́. Bí ọkọ bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ìyàwó á gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀. Kì í dùbúlẹ̀ sùn mọ́. Ó máa ń jókòó ti ògiri títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó ní òun ń gbọ́ bí ọkọ òun ṣe ń mí. Tí wọ́n bá jọ ń gun àtẹ̀gùn ilé, á dúró láàárín méjì, á di irin mú.

"Kí lo dúró dè?" ni ọkọ máa ń bi í.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ má sáré. Ẹ fara balẹ̀ mí."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Kí n wá lọ ṣe kí ni?" ni Afínjú wí. "Ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun nílé yìí. Iṣẹ́ ọ̀hún nìkan ni mo mọ̀, aya mi."

"Ojú ló ń rójú ṣàánú. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá ọ̀gá yín."

Ọ́fíìsì ọ̀gá wà lókè pátápátá, wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀. Afínjú bọ́ fìlà, ó tọrọ ohun méjì: ìbòmú gidi tó ní asẹ́, àti balùwẹ̀ kan pẹ̀lú ibi ìfọṣọ, kí òṣìṣẹ́ lè bọ́ ìyẹ̀fun sílẹ̀ kó tó máa lọ sílé. Ọ̀gá ní kò sówó. Ìyàwó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó wá sí i lẹ́nu pé ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

"Màdáámù, ẹ dìde," ni ọ̀gá wí. "Mi ò lè ṣe méjèèjì. Ẹ mú ọ̀kan."

Afínjú lanu. Ìyàwó ti ṣáájú rẹ̀ dáhùn.

"Ìbòmú ni, sà. Ti aṣọ kì í ṣe wàhálà. Àwa ìyàwó wà fún un."

Kò pẹ́ tí ìbòmú fi dé. Àwọn òṣìṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó Afínjú títí ojú fi tì í. Afínjú kì í yọ tiẹ̀ nímú àfi tó bá jáde ní géètì. Tó bá délé, á bọ́ aṣọ fún ìyàwó lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyàwó á lé àwọn ọmọ síta kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́, á ti fèrèsé kí ekuru má baà ba aṣọ tí àwọn ará ilé sá, á wá gbọn ẹ̀wù àti ṣòkòtò náà dáadáa kó tó rẹ wọ́n sómi. Ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra nìyẹn.

Nítorí ikú Gìrìpá, ìjọba gbé ọkọ̀ kan wá sí àdúgbò, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán àyà wà nínú rẹ̀. Afínjú kọ̀, kò lọ.

"Tí mo bá ti mọ̀ báyìí, mo ti kú nìyẹn," ló wí.

Ìyàwó sunkún lọ́jọ́ náà. Ó fà á lọ́wọ́ dé ibẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ dúró níwájú ẹ̀rọ, bí ìyá tó ń tọ́ oògùn wò fún ọmọ. "Ẹ wò ó," ó ní, "kò dunni."

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan wá sílé. Ó ní dókítà fẹ́ rí wọn lọ́la, tọkọtaya. Kò sọ ìdí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.  Afínjú pe ọmọ rẹ̀ àgbà sí ìkọ̀kọ̀, ó ní, "Tọ́jú ìyá rẹ." Ìyàwó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó bu nínú ọjọ́ òun kún ti ọkọ òun.

Ìyàwó dúró lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn tán. Nígbà tí wọ́n wọlé tí wọ́n jókòó, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú pinpin, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, òun ò ní fi í sílẹ̀.

Dókítà fi àwòrán Afínjú lé Afínjú fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní àyà rẹ̀ mọ́ kedere, lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyàwó, ó rọra bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ti ń bá wọn gbọn aṣọ iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ yìí?"