Lẹ́tà Karùn-ún

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí agogo mẹ́wàá bá ti lù, ìyá aránṣọ máa ń wọlé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tó rì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi òwú kọ orúkọ sára aṣọ àwọn ọmọ iléèwé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà nínú ọkọ̀ náà. Oṣù mẹ́rin ti kọjá.

Tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ráyè ló ń dá a lóhùn. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, akọ̀wé àgbà kì í jẹ́ kí ẹlòmíì gbà á lálejò mọ́.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀ Mà. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ó ṣáà ń gbé mi débí, ọmọ mi. Bá mi wò ó."

Inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ àwọn òkú tí wọ́n ti dá mọ̀ wà, igba ó lé díẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń tẹ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí kò bá a mu ń pòórá.

Akọ̀wé tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó ku mẹ́rìnlélógún. Ó tẹ ìkejì, ó ku mẹ́sàn-án.

"Ẹ̀rọ yìí mọ èèyàn lé jáde bí onílé tó fẹ́ gba ilé ẹ̀," ìyá wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́tà kẹta, ó ku mẹ́ta. Akọ̀wé sún síwájú, èjìká rẹ̀ bo ìdajì ojú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ìkẹrin àti ìkarùn-ún tẹ̀ léra wọn. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú.

"Kò sí níbẹ̀, Mà."

"A dúpẹ́." Ìyá mí kanlẹ̀. "Bóyá apẹja kan ló gbé e sílé, tó ń tọ́jú ẹ̀."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Mà."

"Tó bá dé, á ti rù. Mo ti ń bá a dín àwọn ṣòkòtò ẹ̀."

Akọ̀wé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì.

Ìyá gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Kò wẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, lẹ́tà tó o máa ń tẹ̀ gbẹ̀yìn yẹn ò sí nínú orúkọ ọmọ mi," ó ní, "àmọ́ jọ̀ọ́, bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ náà."